Ohùn Ṣéhù Nínú Ẹ̀rọ Kẹta

Nílé Ìyá Àsíátù, lójú ọ̀nà tó ti Ìlá-Ọ̀ràngún lọ sí Ọ̀rà, ẹrù òkú kì í wọlé láì fọ̀. Bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ dé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Wọ́n á fọ ohun tó ṣeé fọ̀, wọ́n á nu ohun tó ṣeé nù, wọ́n á sá a sóòrùn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ogún. Ààfáà kan ti sọ fún ìyá náà rí pé èyí kò sí nínú ìwé. Ó ní òun gbọ́. Kò sì yí i padà. Ohun tó dá a lójú ni pé bí òórùn olóògbé bá ṣì wà lára ẹrù rẹ̀, olóògbé fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé òun ti lọ. Yóò kàn máa yí ilé ká bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Ọdún 1998 ni ẹrù Ṣéhù dé. Ṣéhù ni àkọ́bí rẹ̀, Ìkẹjà ní Èkó ló sì ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn àlòkù tí wọ́n ń kó wọlé láti ìlú òyìnbó. Ibà ló dá a dúbúlẹ̀. Wọ́n ní ibà lásán ni, kò sì dìde mọ́. A kì í dá òkú Mùsùlùmí dúró; kí ìròyìn tó dé Ìlá, wọ́n ti sin ín sí Èkó. Ìyá tó bí i kò rójú rẹ̀, kò sì gbóhùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ti ohùn yẹn ló ń dùn ún jù. Ó máa ń sọ ọ́ láìsunkún, bí ẹni ń sọ pé òjò kò rọ̀ lánàá: "N ò gbóhùn Àjàní kẹ́yìn." Àjàní ló máa ń pè é, oríkì rẹ̀ nìyẹn, nítorí àwọn ìyá àtijọ́ kan kì í fẹnu ara wọn dárúkọ àkọ́bí wọn.

Ràsákì ni àbúrò Ṣéhù, òun ni ìtàn yìí sì dá lé. Rédíò ló ń tún ṣe nínú ìsọ̀ pákó kan tí kò jìnnà sílé. Ó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ló bá gba kádàrá. Ó lè jí rédíò tó ti kú dìde. Ó tún lè gbé e sórí pẹpẹ títí ẹni tó ni ín yóò fi gbàgbé, kó tó ráyè jí i. Àwọn oníbàárà ń bú u, wọ́n sì ń padà wá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó ti lo ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Windows ni gbogbo ayé mọ̀, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, tó ń sọ fún un ohun tó jẹ́ àti ohun tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n Linux ni Ṣéhù fẹ́ràn. Irú ètò kan náà ni, ọ̀fẹ́ ni ti òun, kì í sì í wúwo fún ẹ̀rọ tó ti darúgbó. Àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn, tí wọ́n fọ́n káàkiri ayé, ni wọ́n jọ kọ ọ́, agbo kọ̀ọ̀kan sì ń dì í bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ń fún un lórúkọ: Slackware, Red Hat, Debian, SuSE. Ràsákì bi í nígbà náà pé kí ló yàtọ̀ nínú wọn.

"Iṣu kan náà ni," Ṣéhù dá a lóhùn. "Ilé tí wọ́n ti gún un ló yàtọ̀. Wàá kàn máa tọ́ ọ wò títí wàá fi rí èyí tó bá ẹ̀rọ rẹ lára mu."

Bí àlòkù bá sì dé, ohun tí Ṣéhù kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó pa gbogbo ohun tí ẹni àtijọ́ kó sínú rẹ̀ rẹ́ pátápátá, kó tó gbé Linux lé e. Iṣẹ́ yìí ní orúkọ òyìnbó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìyá Àsíátù ni Ṣéhù. Fífọ̀ ló ń pè é. "Ràsákì, fọ ẹ̀rọ yẹn fún mi," á sì ti bọ́ sídìí òmíràn.

Ẹrù náà dé lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn obìnrin ilé kó aṣọ lọ sí etí kànga. Nígbà tí wọ́n tú ẹní ìkírun Ṣéhù, kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tí ó dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà fara kan ara wọn, pẹ̀lú páálí kan tó kún fún síidì àti flọ́pì, àwo pẹlẹbẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kà. Bàbá Babáyẹmí, àbúrò bàbá wọn, tó ti di olórí ilé látìgbà tí bàbá wọn ti kú, fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ọ̀kan.

"Kín nìyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Irú tí wọ́n ń gbé ká."

"Ṣé ó ṣeé fọ̀?"

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ìyá Àsíátù, tí bùbá ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú omi ọṣẹ, kò gbójú sókè. "Gbogbo ẹ̀ la máa fọ̀," ló wí. "Ràsákì, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ṣe ń fọ̀ ọ́ ni kó o fọ̀ ọ́, ká tó pín in."

"Ó ṣeé fọ̀, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ká ní ilé mìíràn ni, wọn ì bá fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi fífọ̀ méjì ni Ràsákì mọ̀, ti ìyá rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí fún un. Ó gbé ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́kàn mímọ́.

Ó sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó nípọn, tó dúdú, ó pè é ní Dúdú. Èyí tó kéré jù, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ó pè é ní Eléérú. Ìkẹta, tí ìdè ìdérí rẹ̀ ti ṣẹ́, tó jẹ́ pé bíríkì ló ń gbé ojú rẹ̀ dúró, ó pè é ní Arọ. Dúdú ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbé Slackware sí i láti inú flọ́pì, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí ó fi kan èyí tó ti bàjẹ́ láàárín, gbogbo rẹ̀ sì dà nù. Ó tún un fọ̀, ó gbìyànjú SuSE láti inú síidì. Èdè Jámánì ni gbogbo ìbéèrè rẹ̀, ó kàn ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí ó fi débi tí kò mọ̀nà jáde. Ó tún un fọ̀, ó gbé Red Hat sí i. Ìyẹn dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ibi tí ohùn ń gbà jáde jà, bó ṣe ń bá rédíò jà, títí Dúdú fi dún ṣín-ín bí agogo kékeré.

Ràsákì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti ní Ṣéhù kú. Ojú tì í, ó wo ìta bóyá ẹnì kan gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nídìí àwọn ẹ̀rọ yìí nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì kú. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀: "Tún un tọ́ wò." Ó fọ Eléérú náà, ó gbé Debian lé e. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn, ìlà funfun kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ń dúró de ohun tí yóò sọ. Ó ku Arọ. Ó ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ kejì ni Alfred dé láti Èkó. Òun àti Ṣéhù ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ojú kan, òun ló sì wà nídìí ibùsùn rẹ̀ títí dópin. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àsíátù lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì lè dìde, ẹkún ti gbé e. Ìyá náà ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí wọ́n ti fún un lómi, tó ti nu ojú, ó wo àyíká.

"Ìyá, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn ẹ̀?"

"Ohùn ta ni?"

"Ti Ṣéhù. Ó ku díẹ̀ kí àìsàn yẹn mú un, ó rí nǹkan kékeré kan rà tí wọ́n fi ń gba ohùn sínú kọ̀ǹpútà. Ó sọ̀rọ̀ sí i, ó ní tóun bá wálé Iléyá, òun máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ó ní ẹ máa wá òun lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn."

"Inú èwo ló wà?" Ràsákì ló béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì jọ tirẹ̀.

"Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn. N ò bi í léèrè èwo."

Ìyá Àsíátù gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì yíjú sí Ràsákì. Ojú rẹ̀ là, ó ń retí. Ràsákì kò rí i kó wo nǹkan báyìí látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ó ní òun á wò ó, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá rẹ̀ á béèrè: "Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?" Ràsákì á ní rárá. Kò lè jẹun dáadáa. Ohun tí a bá fọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí a sì gbé nǹkan mìíràn lé lórí, ó ti lọ nìyẹn. Dúdú sì ti gba ìfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Arọ nìkan ló kù tí ọwọ́ kò tíì kàn. Bó bá jẹ́ inú rẹ̀ ni ohùn náà wà, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ Ràsákì ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rò ó, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí gan-an.

Nígbẹ̀yìn, kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ó sì kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin.

"Ìyá, mo ti fọ méjì nínú wọn. Kí Alfred tó dé ni. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló wà."

Ìyá náà fa igi iná sẹ́yìn kí ọbẹ̀ má baà jó.

"Èmi ni mo ní kó o fọ̀ wọ́n."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Dìde. Wo èyí tó kù."

Ó dìde, ṣùgbọ́n ẹrù náà kò fúyẹ́. Ó wá di ti àwọn méjèèjì.

Wàhálà Arọ ni pé bí wọ́n bá tàn án, ó máa ń dé ìdajì ọ̀nà, á sì dúró. Windows inú rẹ̀ ti fọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ iṣẹ́ yóò ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé òmíràn sí i. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn. Ràsákì yẹ gbogbo síidì inú páálí wò, ó gbìyànjú wọn lára Eléérú àti Dúdú kó lè mọ ìwà wọn, ó ń wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti máa ń béèrè àyè. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí wọ́n gbá ilé mọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ó wá rántí Slackware. Flọ́pì méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń jí ẹ̀rọ nínú iyè rẹ̀ nìkan, láì kan ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, kí iṣẹ́ ìgbésí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí ènìyàn bá dá a dúró níbẹ̀, ó dà bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó lè yọjú wo yàrá láì tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹnu tí flọ́pì ń gbà wọ Arọ kò kàwé mọ́. Ó ń ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, á sì kọ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ rédíò ti wúlò. Ràsákì tú u, ó fi òwú àti sípírítì nu orí tó ń kàwé bó ṣe ń nu ti kásẹ́ẹ̀tì, ó dì í padà. Ó tún kọ̀. Ó tún tú u. Iná lọ, ó dúró de iná. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀sán mú gan-an, flọ́pì àkọ́kọ́ wọlé, ìkejì tẹ̀ lé e, ìlà funfun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ràsákì ní kí Slackware fi inú Arọ han òun, kó kàn wò ó, kó má kọ ohunkóhun sí i. Orúkọ àwọn ohun tó wà níbẹ̀ tò wálẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀. Láàárín wọn ló ti rí i: IYA.WAV. Bí orúkọ ohùn tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀ ṣe máa ń parí nìyẹn.

Ó fọwọ́ bojú, ó sunkún nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wá gba rédíò rẹ̀ rí i, ó sì padà lọ láìbéèrè.

Flọ́pì méjì yẹn kò lè mú Arọ fọhùn. Ṣùgbọ́n Dúdú ní ohùn, Dúdú tí ó ti fọ̀. Ràsákì da IYA.WAV kọ sórí flọ́pì, ó gbé e lọ sínú Dúdú, ó sì so ó mọ́ gbohùngbohùn rédíò ńlá kan tí wọ́n kó wá fún àtúnṣe. Kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é bíi kó tẹ̀ ẹ́, ó sì mú un kúrò. Ẹni tó ni ín ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni Ìyá Àsíátù dé, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ́ọ̀. Ó jókòó lórí àga onígi. Ràsákì ti ilẹ̀kùn pákó díẹ̀ nítorí ariwo ọ̀kadà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ariwo bí ìyẹ̀fun tó ń dà ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni Ṣéhù hú ikọ́.

"Ìyá, ẹ kú ilé o. Èmi ni. Ẹ má wẹ̀yìn, n ò sí lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ràsákì, má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ yẹn o, mo mọ̀ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó wá dákẹ́. Ó dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń yẹ̀yẹ́, ó fi àyè sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kó dá a lóhùn.

"Mo ti jẹun, Àjàní," ni Ìyá Àsíátù wí.

"Ó dáa," ni Ṣéhù wí. "Mo ń bọ̀ nílé. Ọlọ́run á jẹ́ ká ríra."

Ó parí. Ràsákì gbá ìdí àga mú. Ìyá rẹ̀ kò mira.

"Tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀. Ṣéhù tún kí i, ó tún rẹ́rìn-ín, ó tún béèrè. "Mo ti jẹun, ọkọ mi. Mo jẹ iyán." Ohùn náà sì tún ní ó dáa, òun ń bọ̀ nílé. Omi ń dà lójú ìyá náà báyìí, kò nù ún. Ràsákì tún na ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú.

"Ó tó."

"Ìyá, kò lè tán. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ lè gbọ́ ọ. Mo lè dà á sí òmíràn kó má baà sọnù."

"Ṣé o gbọ́ ohun tó ń sọ? Ó ní òun ń bọ̀ nílé. Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Àjàní ò mọ̀ pé òun ti lọ." Ó tú ọwọ́ Ràsákì sílẹ̀. "Bá a bá ń pè é báyìí lójoojúmọ́, ojú ọ̀nà ló máa wà. Mo ti dá a lóhùn. Fọ̀ ọ́."

Ràsákì fẹ́ bá a jiyàn. Ó fẹ́ ohùn yẹn ju bí ìyá rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Òun náà ni wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀, òun náà ni wọ́n bá ṣẹ̀fẹ̀. Ó lè fi ọ̀kan pamọ́ sínú Eléérú, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ní gbogbo Ìlá. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí i pé obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní sọ ọ́. Yóò kàn jókòó títí yóò fi parí.

Ó kọ́kọ́ nu flọ́pì náà. Ó pa èyí tó wà nínú Dúdú rẹ́. Ó wá fi flọ́pì Slackware sí Arọ, kò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ náà bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́. Arọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ jẹ́jẹ́, ìyá náà sì tẹ́tí sí i títí ó fi dákẹ́.

"Ó ti mọ́?"

"Ó ti mọ́, Ìyá."

Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Ràsákì, ṣé ìwọ ti jẹun?"

Ìyá rẹ̀ dúró dè é.

"Rárá, Ìyá. N ò tíì jẹun."

"Ó dáa," ni Ìyá Àsíátù wí. "Ti ìsọ̀ rẹ, jẹ́ ká lọ sílé."